Ọ̀nà Èkìtì Jìn fún Ẹni Tí Ìtọ̀ Ń Yọ Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá ti di pé ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tó jẹ́ pé ibi tí ilé ìtọ̀ wà lẹ kọ́kọ́ ń fojú wá kẹ́ ẹ tó wá ibi jókòó, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ó ti ṣe mí rí. Ó ṣe mí fún ọdún mẹ́ta gbáko kí n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ohun tí mo sì pàdánù láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, dókítà kankan ò lè bá mi dá a padà. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Tí ẹ bá rí i pé mò ń bá yín wí nínú ìwé yìí, ẹ má bínú, ó ti mọ́ mi lára. Ara mi gan-an ni mò ń bá wí jù.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Àgbádárìgì nígbà tí irun ṣì kún orí mi, èrò mi sì ni pé ọdún méjì ni màá lò tí màá fi padà sílé. Àfi bí mo ṣe pàdé Sẹ̀nàmi, ọmọ Ègùn ará Àjárá, ni ọdún méjì bá di ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó bí ọmọ mẹ́ta fún mi, Àjárá náà la sì kọ́lé sí. Tèwe tàgbà ibẹ̀, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Bàbá Tólú ni ìyàwó mi ń pè mí. Nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń fi oríkì pè mí, ìyẹn ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, tó ń gbé inú ilé bàbá mi ní Èkìtì pẹ̀lú Bọ́sẹ̀ àbúrò mi obìnrin. Àkànní ló ń pè mí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bọ́sẹ̀ á pè mí, á gbé fóònù sí Yèyé létí. Kó tiẹ̀ tó kí mi ni yóò ti béèrè pé, "Àkànní, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Tẹ́lẹ̀, kì í béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń lọ, nígbà Kérésì àti nígbà tí iṣu tuntun bá jáde. Tí mo bá ti dé, Yèyé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣu tó fẹ́ sun fún mi. Á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á máa fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú ara iṣu náà, èmi tí mo ti ní ewú á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Á bu èyí tó gbóná fún mi, á ní kí n fẹ́ ẹ kó má jó mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí etí òkun, ẹ ò lè mọ bí òórùn ilẹ̀ pupa ṣe máa ń dùn nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Yanrìn tiwa níbí kàn máa ń mu omi ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń rántí òórùn yẹn tí mi ò sì lè lọ síbi tó wà.

Ó ku ọdún kan àti ààbọ̀ kí n fẹ̀yìn tì ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ bí àìsàn. Màá dúró pé mo fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ ò ní jáde. Màá dúró, màá dúró. Nígbà tó bá yá, á máa kán tó, tó, tó, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní ó ti tán, tí mo ti fa ṣòkòtò sókè, ìyókù á wá rọra jáde sára mi. Kò ní pé ogún ìṣẹ́jú, á tún gbọ̀n mí. Lóru, mo lè dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò dúdú lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ wá wò ó o. Èmi tó jẹ́ pé, tí àwọn ọmọ bá nawọ́ ní kíláàsì pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀, èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: "Jókòó síbẹ̀. Ìtọ̀ kì í pa èèyàn." Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá di pé èmi ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ láàárín ìṣirò, tí mò ń yára gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ, tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ̀san ò gbóògùn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ṣàkíyèsí ní àgbà ló dé, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ó sàn kí wọ́n sọ pé mo ti dàgbà ju kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ abẹ́ mi lọ.

Ọ̀nà ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Láti Àjárá dé ìlú wa, ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan ni: ká gba Ìjànikin já sí Èkó, ká gba Ìbàdàn, ká gba Iléṣà. Kérésì ọdún tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, mo wọkọ̀. A ò tíì dé Ìbàdàn tí mo ti ní kí dírẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹrin, àwọn èrò inú ọkọ̀ fariwo ta. Ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ yíjú wò mí, ó ní bàbá ò bá kúkú ti jókòó sílé. Tòun ti ṣòkòtò tútù ni mo fi dé Èkìtì lọ́jọ́ náà, mo sọ fún Yèyé pé omi ló dà sí mi lára. Mi ò sì lọ mọ́.

Bí àwáwí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ìdánwò àwọn ọmọ ló dè mí mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní ìwé ìfẹ̀yìntì ni mò ń lé kiri. Lẹ́yìn náà mo ní ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Yèyé á ní, "Ó dáa, Àkànní. Mo ń dúró." Tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, mi ò ní lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Mò ń yán hànhàn láti rí ìyá mi, ẹnu ara mi ni mo sì fi ń tì í sẹ́yìn.

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àwọn ẹbí wa ní Èkìtì ní ìyàwó mi Ègùn ló ti fún mi ní nǹkan jẹ, pé òun ló dè mí mọ́ etí òkun. Yèyé náà gbà wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè máa gbọ́, ni Yèyé bá ní, "Àkànní, obìnrin yẹn ò ní jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ kí n tó kú." Sẹ̀nàmi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo pa fóònù tán ló tó gbójú sókè.

"Bàbá Tólú, kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ ò fi lè sọ òótọ́ fún ìyá yín? Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé ẹ kì í sùn ni?"

Ojú tì mí. Ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ká lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Mo ní ká sún un di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ti ṣe iṣẹ́ abẹ irú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń sọ káàkiri pé kò wúlò fún ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin. Fòfó ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Fòfó ní oko àgbọn ní òdìkejì ọ̀sà, kò sì sí àìsàn kan láyé tí kò lè fi àgbọn wò. Ó ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé kí n máa mu omi àgbọn tútù láàárọ̀ kí n tó jẹun, á fọ ọ̀nà ìtọ̀ mi mọ́ bí ẹni fọ ìgò. Ẹni tó bá ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ń bá wọn jiyàn èyí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ ibẹ̀ pé omi àgbọn ń fọ inú. Oṣù mẹ́fà ni Fòfó fi ń gbé àgbọn wá. Méjì, mẹ́ta ni mò ń mu láàárọ̀. Mo sì ń tọ̀! Tí mo bá ti mu ún tán, màá lọ, màá bọ̀, títí di ọ̀sán. Inú mi ń dùn, mo ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Tíṣà ìṣirò ni mí o, mi ò sì ṣe ìṣirò pé ẹni tó bá mu omi àgbọn mẹ́ta gbọ́dọ̀ tọ omi àgbọn mẹ́ta. Ihò náà ò fẹ̀ sí i rárá, omi tó ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ló ń pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn náà gbé tiwọn wá. Ìyá ìjọ kan gbé omi àdúrà wá, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé àgbo wá láti Òjó. Mo mu gbogbo rẹ̀ pọ̀, mi ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Sẹ̀nàmi nìkan ni mò ń ṣẹ̀, nítorí ó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Bọ́sẹ̀ wá pè mí lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe Àìkú. Ó ní Yèyé ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní ó béèrè lọ́wọ́ òun bóyá bàbá wa ti ti oko dé, bàbá wa tó ti kú láti nǹkan bí ogún ọdún. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Yèyé rí yín kó sì dá yín mọ̀, ẹ wá báyìí o."

Mo ní ọ̀la ni màá gbéra. Mo wá ṣe ohun tó jẹ́ pé ará Àgbádárìgì nìkan ló lè ronú kàn án. Kí ìtọ̀ má bàa dójú tì mí lọ́nà, mo pinnu pé màá fọ inú mi tán pátápátá kí n tó wọkọ̀. Àgbọn mẹ́fà ni mo mu láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fòfó ló ń fi àdá bẹ́ ẹ fún mi. Mo tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wọkọ̀. Kí a tó dé Ìjànikin, ìtọ̀ ti gbọ̀n mí. Mo bẹ dírẹ́bà, ó dúró. Mo sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo dúró. Ẹ̀kán kan ò jáde. Mo fi agbára sí i, òógùn bò mí, ìsàlẹ̀ ikùn mi yọ síta, ó le bí èèpo àgbọn. Àwọn inú ọkọ̀ dúró dè mí títí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé báàgì mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lọ. Mi ò bá wọn wí.

Ọlọ́kadà kan ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà ni mo sì kà. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n lọ gba káàdì. Mi ò lè nàró. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló rí bí mo ṣe di ikùn mú, ó fà mí wọlé láìbéèrè káàdì. Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ihò ìtọ̀ mi wọlé, ìtọ̀ sì rọ́ jáde. Mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ìrora, ìrọ̀rùn náà ló pọ̀ jù fún mi. Nọ́ọ̀sì náà wo báàgì ìtọ̀ tó kún, ó so òmíràn, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

Wọn ò yọ rọ́bà náà. Mo gbé e kiri fún nǹkan bí oṣù méjì, báàgì ìtọ̀ so mọ́ itan mi lábẹ́ ṣòkòtò, ìrìn àjò Èkìtì sì di àwátì, mo tún wá àwáwí fún Bọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni dókítà tó ń wo ọ̀rọ̀ ìtọ̀ máa ń jókòó, láti ìdájí la sì ti máa ń wà lórí ìlà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé a pọ̀. Apẹja, pásítọ̀, ààfáà, ọ̀gá iléeṣẹ́, gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kálukú pẹ̀lú báàgì tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Bàbá kan láti Ìkògà máa ń dé, á wo ọ̀tún wo òsì, á ní, "Ẹ̀yin oníbáàgì, ẹ kú ìdúró o." A óò rẹ́rìn-ín, a óò sún mọ́ra kó lè ráyè jókòó. Fún ọdún mẹ́ta ni mo ti rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run mú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Ọmọdé ni dókítà náà lójú mi, kò ju àwọn tí mo kọ́ níwèé lọ, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní gbogbo ọkùnrin ló ní ẹran ara kékeré kan tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní pùrósíteètì. Bí a bá ṣe ń dàgbà lòun náà ń tóbi, tó bá sì tóbi jù, á fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Tèmi ti tóbi ju ọsàn lọ. Ó ní oògùn oníhóró wà, pé ká ní mo tètè wá ni, bóyá òun náà ì bá tó mi. Nígbà tó gbọ́ pé Àjárá ni mo ti wá, ó fi àgbọn ṣàlàyé ìyókù. Fún ẹni tí tirẹ̀ kò tóbi púpọ̀, wọ́n lè ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé, kí wọ́n máa fi ha á díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń fi ṣíbí gba ihò àgbọn tútù ha inú rẹ̀ jẹ. Wọn ò ní la ikùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ olúwarẹ̀ ti lè relé. Ó ní èyí tí wọ́n ń fi ìtànṣán iná ṣe náà wà, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jìnnà, owó rẹ̀ sì ga. Fún èyí tó tóbi bíi tèmi, ohun tóun máa gbà mí nímọ̀ràn ni pé kí àwọn la ìsàlẹ̀ ikùn, kí àwọn yọ ẹran tó dí ọ̀nà náà lódidi, bí ẹni yọ ẹran àgbọn kúrò nínú èèpo líle, tí èèpo á sì wà níbẹ̀. Ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan nílé ìwòsàn. Lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí mi àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ní, oṣù mẹ́ta láìgbé ẹrù, láìrin ìrìn àjò jíjìn.

Oṣù mẹ́ta. Yèyé ni mo rò. Mo ní kó ha á fún mi. Ó ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè má tán lẹ́ẹ̀kan, a lè tún padà wá. Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀, mo ti mú bíírò láti fọwọ́ síwèé kí Sẹ̀nàmi tó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Tólú, ìkánjú lẹ fi mu àgbọn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe èyí tó máa tán."

Mo gbé bíírò sílẹ̀. Mo wá bi dókítà ní ọ̀rọ̀ kejì tó wà lọ́kàn mi, ohùn mi sì lọ sílẹ̀. Ó dá mi lóhùn láìtijú. Ó ní okun ọkùnrin kì í sábà bá a lọ. Ohun tó máa ń yí padà ni pé omi tó yẹ kó jáde nígbà ìbálòpọ̀ á máa gba ẹ̀yìn padà sínú àpò ìtọ̀, yálà wọ́n ha á ni o, yálà wọ́n là á ni. Kò léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ, kó tètè sọ. Sẹ̀nàmi ní kí dókítà fọkàn balẹ̀, ọmọ mẹ́ta ti tó òun. Dókítà náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, èmi ni mo pe Bọ́sẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù fún Yèyé, mo sì sọ òótọ́, láti orí ṣòkòtò tútù ọjọ́sí títí dórí báàgì tó wà nítan mi. Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ìtọ̀ ni? Àkànní, ohun tó ṣe bàbá rẹ nìyẹn."

Mi ò mọ̀. Ibà ni wọ́n sọ fún wa pé ó pa bàbá wa. Yèyé ní kì í ṣe ibà. Ó ní ó máa ń lọ dúró sídìí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, á fi orí ti igi náà, á wà níbẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi tutù. Nígbẹ̀yìn, ìtọ̀ náà dúró pátápátá, ara rẹ̀ wú, ó sì lọ. "Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin ọmọ, pé ẹ ò ní bọ̀wọ̀ fún òun mọ́. Mo bá a pa á mọ́. Kí ló wá dé tíwọ náà fi pa á mọ́ fún mi?"

Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ fún un, mo kàn rí i tí Sẹ̀nàmi kúnlẹ̀ sí palọ̀ pẹ̀lú fóònù létí, tó ń sọ pé, "Ẹ má bẹ̀ mí, Mà. Ẹ má bẹ̀ mí." Nígbà tí mo gba fóònù padà, Yèyé ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní, "Tó bá ti san, kó o máa bọ̀. Mo ń dúró."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kú tipiri, ṣùgbọ́n ojú mi là sílẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí mi. Àkọ́bí mi, Tólú, ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ dáwó, mo ta alùpùpù mi kún un. Kò rọrùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ le. Omi tí wọ́n fi ń fọ àpò ìtọ̀ mi ń jáde ní pupa bíi sóbò, gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó ni mò ń rò pé mo ti kú tán. Fòfó ń wá lójoojúmọ́, kò sì gbé àgbọn dání. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Tíṣà, díẹ̀ ló kù kí n pa ọ́." Mo ní àgbọn ò ṣẹ̀, òun náà ò ṣẹ̀. Èmi tó yẹ kí n lọ síbi tó yẹ ni mi ò lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n ní kí n lọ gbìyànjú. Mo dúró bí mo ṣe máa ń dúró láti ọdún mẹ́ta, mo ti múra sílẹ̀ láti pẹ́ níbẹ̀. Kò jẹ́ kí n pẹ́. Ó dà ṣàà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lémi nìkan, nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí wàhálà. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí mo bá wúkọ́, ó ń jò, mo ń fi aṣọ sábẹ́. Tó bá ṣe ẹ̀yin náà, ẹ má bẹ̀rù, tèmi lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹran tí wọ́n yọ náà wò, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀ lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta náà ló gùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní àwọn Àìkú àkọ́kọ́, Yèyé á béèrè bí ojú ọgbẹ́ mi ṣe ń ṣe. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ bàbá mi pè mí. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ní, "Yèyé, èmi ni," ó ní, "Ìwọ ta ni?" Bọ́sẹ̀ sáré gba fóònù. Mo pe dókítà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ọjọ́ kù fún mi. Ó ní ọgbẹ́ tó wà nínú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo máa ń jókòó síwájú ilé lójoojúmọ́, mò ń wo ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Èkó, mò ń ka ọjọ́.

Ara mi ti le báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń dìde lóru, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ míì tí mi ò dìde rárá. Ìyàwó mi ò ráhùn, kí àwọn ará àdúgbò lọ máa wá nǹkan mìíràn sọ. Ẹ̀yin tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ nísinsìnyí tó ṣì lè jẹ́ oògùn oníhóró ni wọ́n máa kọ fún yín. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, ẹ bi wọ́n léèrè gbogbo ọ̀nà tó wà, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó bá títóbi tiyín mu, ẹ má wo èyí tó yá jù. Ẹ sọ fún ìyàwó yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin yín, èmi ti sọ fún Tólú. Tí ìyá yín bá ṣì wà, tó sì ń pè yín wálé, ẹ sọ fún òun náà.

Ọ̀sẹ̀ tí oṣù mẹ́ta náà pé, èmi àti Sẹ̀nàmi wọkọ̀. Mi ò mu àgbọn kankan. A kọjá ní Ìjànikin, mo fi ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n gbé báàgì mi sílẹ̀ sí han ìyàwó mi. Láti Àjárá dé Èkìtì, ibi tí gbogbo èrò ti sọ̀kalẹ̀ jẹun nìkan ni mo ti tọ̀. Òjò ti rọ̀ kí a tó dé, ó ti dá, òórùn ilẹ̀ náà sì pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé báàgì mi sínú ọkọ̀, Sẹ̀nàmi ló gbé e.

Yèyé wà lẹ́yìnkùlé, lórí àpótí rẹ̀, ó ń sun iṣu. Ó ti kéré sí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Sẹ̀nàmi kúnlẹ̀. Ó kí wa dáadáa bí èèyàn ṣe ń kí àlejò, ó ní ẹ kú ọ̀nà, ó béèrè ibi tí a ti ń bọ̀. Mo ní Àgbádárìgì. Ojú rẹ̀ tàn.

"Àgbádárìgì? Ọmọ mi wà níbẹ̀. Àkànní ni mò ń pè é. Tíṣà ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n ní ìtọ̀ ń dà á láàmú. Ṣé ó ti san?"

"Ó ti san, Yèyé."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀ nígbà náà. Ẹ ní mo ń dúró."

Mo ní màá sọ fún un. Ó bu iṣu tó gbóná fún mi, ó ní kí n fẹ́ ẹ kó má jó mi lẹ́nu. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.